ẸNU ÀTI ETÍ: BÍ A ṢE LÈ SO TẸLIFÍṢỌ̀N ÀTI DIKÓDÀ MỌ́ HOME THEATRE

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ohun tí yóò wúlò nínú ilé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tàbí ti ìwé ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò máa retí lẹ́nu mi, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wáyà ni mo mú wá. N kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ mi ní Kubwa ló sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́, mo sì gbà pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn mìíràn nínú wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wa da owó jọ, wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ńlá kan fún èmi àti ìyá wọn. Wọ́n fi home theatre kan tì í, èyí tó ní sípíkà kéékèèké márùn-ún àti ńlá kan. Oníṣẹ́ kan wá so wọ́n pọ̀. Tí a bá ki àwo fíìmù bọ̀ ọ́, ilé á mì tìtì. Ṣùgbọ́n tí a bá tan dikódà, home theatre kò ní í fọhùn. Inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ohùn ti ń jáde. Oníṣẹ́ yìí ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Mo gbà á gbọ́ fún ọdún mẹ́ta. A fi aṣọ bo home theatre, a gbé àwo òdòdó lé e lórí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ń wo fíìmù Yorùbá kan. Bàbá arúgbó kan wà lórí ibùsùn, ó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ni ogún tí òun fi sílẹ̀ fún wọn. Ìyá àwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹ gbọ́, ẹ̀fọ́ ni bàbá yìí fi ṣogún?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Láàárín oṣù mélòó kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kúrò ní pálọ̀ kí fíìmù tó dé ìdajì, á ní oorun ń kun òun. Tí mo bá pè é láti pálọ̀, kò ní í dáhùn, èmi á wá gbóhùn sókè bí ẹni tó ń bínú. Lóòótọ́ sì ni mo ń bínú. Mo rò pé ó ń fojú di mí ni.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ FI Ń FO ETÍ DÁ

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ó tó yé mi. Bí ọjọ́ orí bá ń ga, ohùn tó tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ máa ń sá mọ́ etí lọ́wọ́: irú f, s, t àti k. Àmì ohùn tiwa, dò, re, mí, kì í tètè lọ, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ló gbé e. Nítorí náà ni àgbàlagbà fi lè gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, tí yóò gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ sókè sódò, síbẹ̀ tí kò ní í mọ ohun tí wọ́n sọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ dùndún láti òkèèrè. Ẹ̀kọ́, ẹ̀fọ́, ẹ̀tọ́: ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Bí k, f àti t bá ti sá lọ, kí ló kù tí a ó fi dá wọn mọ̀?

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ wá dá kún un. Tẹlifíṣọ̀n alápótí àtijọ́ ní àyè nínú, sípíkà ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń kọjú sí ẹni tó ń wò ó. Ti pẹlẹbẹ kò ní àyè. Ọ̀pọ̀ wọn ló kọ sípíkà sí ilẹ̀ tàbí sí ògiri. Amóhùnmáwòrán ni àwa ń pè é, a dárúkọ ohùn kí a tó dárúkọ àwòrán. Lóde òní, àwòrán ló ṣáájú, ohùn ń wọ́ tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ home theatre ni láti dá ohùn padà sí ipò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní 5.1 ni pé sípíkà márùn-ún wà, ọ̀kan sì wà fún ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti ìlù. Èyí tó wà láàárín ló ṣe pàtàkì jù fún àwa àgbà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ń gbà jáde. Orin, ìró ọkọ̀ àti ariwo èrò máa ń gba ara àwọn tó kù. Nígbà tí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a lè gbé ọ̀rọ̀ sókè láìgbé ìlù sókè.

ÒFIN KAN ṢOṢO

Àwọn tó dàgbà nínú wa yóò rántí àpótí rediffusion. Ọdún 1935 ni ó dé Èkó, wáyà ni wọ́n sì fi ń gbé ohùn wọ inú ilé. Àwọn bàbá wa ní asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Òótọ́ ni: ẹnu ló ní, kò ní etí.

Orúkọ yẹn ló la ọ̀rọ̀ wáyà yé mi. Ihò tí wọ́n kọ OUT sí lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹnu ni. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde. Èyí tí wọ́n kọ IN sí, etí ni. Wáyà gbọ́dọ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ kan lọ sí etí ẹ̀rọ kejì. Bí ẹ bá so ẹnu mọ́ ẹnu, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Bí ẹ bá so etí mọ́ etí, kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo wo ẹ̀yìn home theatre wa. Wáyà kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ so mọ́ ọn, láti HDMI OUT rẹ̀ lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Wáyà yẹn ń gbé àwòrán àwo lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kankan tí ohùn dikódà lè gbà wọlé. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n so, wọn kò so etí rẹ̀.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára iná. Lẹ́yìn náà, ẹ wo èyí tí ẹ̀rọ tiyín ní nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí.

1. Bí home theatre bá ní HDMI IN: ẹ ti HDMI OUT dikódà bọ HDMI IN home theatre, kí ẹ sì ti HDMI OUT home theatre bọ tẹlifíṣọ̀n. Home theatre yóò mú ohùn, yóò sì jẹ́ kí àwòrán kọjá. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí home theatre bá wà ní pípa, àwòrán kò ní í dé.

2. Bí ẹ bá rí ARC lára HDMI OUT home theatre, tí ẹ sì tún rí i lára ọ̀kan nínú ihò HDMI tẹlifíṣọ̀n: ẹ so méjèèjì pọ̀, kí ẹ so dikódà mọ́ ihò HDMI mìíràn lára tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 2009 ni ARC bá HDMI 1.4 dé. Ihò yìí nìkan ló jẹ́ ẹnu tó tún jẹ́ etí: àwòrán ń lọ, ohùn ń bọ̀, lórí wáyà kan náà. Ó sábà máa ń gba pé kí ẹ tan ohun tí wọ́n ń pè ní CEC nínú ètò tẹlifíṣọ̀n. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink, Sony ń pè é ní BRAVIA Sync.

3. OPTICAL: ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn nínú wáyà yìí. Ilé iṣẹ́ Toshiba ló gbé e jáde ní 1983. Ẹ ti OPTICAL OUT tẹlifíṣọ̀n, tàbí ti dikódà bí ó bá ní in, lọ sí OPTICAL IN home theatre. Ẹ yọ ìdérí rọ́bà kékeré tó wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ má sì ká wáyà náà kó ṣẹ́.

4. Wáyà pupa àti funfun: láti AUDIO OUT lọ sí AUX IN tàbí AUDIO IN. Pupa ni ti ọ̀tún, funfun ni ti òsì. Àwòrán ni ti yẹ́lò, a kò nílò rẹ̀ níbí. Ohùn méjì péré ni ọ̀nà yìí ń gbé, ṣùgbọ́n bí home theatre bá ní Pro Logic, yóò pín in sí àwọn sípíkà tó kù, yóò sì kó ọ̀rọ̀ sí àárín.

Ọ̀nà kẹta ni tiwa. Mo ra wáyà náà ní ọjà Wuse. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí mo san fún oníṣẹ́.

BÍ OHÙN KÒ BÁ TÍÌ JÁDE

Ẹ fi rìmóòtù home theatre yan ibi tí ẹ ki wáyà bọ̀: HDMI, OPTICAL tàbí AUX. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé nìyí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ ní kí ohùn máa gba ìta jáde. Nínú ètò dikódà, ẹ yan Dolby Digital bí ó bá wà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ dá a padà sí stereo tàbí PCM. Kì í ṣe gbogbo ètò ni wọ́n ṣe ní ohùn mẹ́fà, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rù bí sípíkà ẹ̀yìn bá dákẹ́ nígbà mìíràn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan sì wà tí wọn yóò gba ohùn mẹ́fà lọ́wọ́ dikódà, tí wọn yóò fi méjì ránṣẹ́. Bí dikódà bá ní OPTICAL tirẹ̀, ti dikódà ni kí ẹ lò. Bí ẹnu òṣèré bá ń mì tí ohùn ń tẹ̀yìn bọ̀, ẹ wá AV SYNC tàbí AUDIO DELAY.

Ní ti sípíkà, ẹ gbé ti àárín sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó kọjú sí etí ẹni tó jókòó. Ẹ gbé méjì sí ọ̀tún àti òsì níwájú, kí jíjìnnà wọn dọ́gba. Kí méjì tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Pupa ni kí ẹ so mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Bí ẹ bá yí ọ̀kan padà, ohùn yóò máa dún bí ohùn inú àgbá. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ SPEAKER LEVEL sí, kí ẹ gbé CENTER sókè ní 2 tàbí 3. Ìyẹn gan-an ni oògùn ọ̀rọ̀ tí kì í yéni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi stabilizer sí i. Ní àkókò òjò, kí àrá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí ẹ sì yọ wáyà tó ti orí òrùlé bọ̀ kúrò lára dikódà.

ÌPARÍ

Ní alẹ́ tí mo parí rẹ̀, ìyá àwọn ọmọ mi jókòó títí fíìmù fi tán. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin ni ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n wí?" Ohùn ti mọ́ gaara nígbà yẹn, mi ò rí ẹ̀rọ kankan tí mo lè di ẹ̀bi rù mọ́. A lọ rí dókítà etí. Ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní méjèèjì ti rẹlẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó yẹ tèmi náà wò. Tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ìgbà tí mo fi pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Dádì, mi ò kúkú gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀."

Nítorí náà, ẹ so wáyà yín dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ariwo wo etí sàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ohùn tó bá tó 80 decibel kò gbọdọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè lójoojúmọ́, tàbí tó bá ń dìde kúrò níbẹ̀ láìsí ìdí, ẹ má kàn pe oníṣẹ́ nìkan. Ẹ mú un lọ rí dókítà.

Kí Ọlọ́run dá etí wa sí, kí ó sì jẹ́ ire ni a ó máa fi gbọ́.