Ìtọ̀ Tó Yí Àwọ̀ Padà: Àyẹ̀wò Ni Kó Ṣáájú Oògùn

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Ọ̀tà àti Sàńgó, ooru máa ń fa omi gbẹ lára òṣìṣẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ á sì ṣú bíi tíì. Nítorí pé omi mímu sábà máa ń mú un mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ooru ni ó fa gbogbo ìtọ̀ tó ṣú. Ojú lásán kò lè fìdí èyí múlẹ̀. Rifampicin, oògùn ikọ́ ife, máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n láìsí ewu kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn, ibà tó le tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀, àti iṣan ara tó bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ àṣejù pẹ̀lú lè mú un ṣú.

Àwọn kan á ní bí omi tàbí àgbo bá ti mú un mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló yí àwọ̀ ìtọ̀ padà, omi a máa là á láìdá orísun rẹ̀ dúró, ẹ̀jẹ̀ àtọ̀sí ajá àti ti jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ sì máa ń wá, á tún lọ fúnra rẹ̀. Àtọ̀sí ajá kò jìnnà sí wa: wọ́n ti rí i lára àwọn ará abúlé tó yí ìsédò Ọ̀yán ká, nítòsí Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀. Oògùn praziquantel ń wò ó, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ.

Owó àyẹ̀wò ni àwíjàre kejì. Síbẹ̀, ewé àyẹ̀wò tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ kò wọ́n, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gbà. Bí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn, wọ́n á wo ìtọ̀ náà nínú awò amúǹkantóbi. Bí wọn kò bá rí sẹ́ẹ̀lì pupa níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ tàbí iṣan tó bàjẹ́ ni wọ́n á fura sí. Bí wọ́n bá ń wá ẹyin àtọ̀sí ajá, aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ló dára jù láti gba ìtọ̀. Ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, nílò kí dókítà yẹ kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, tí ìtọ̀ kò jáde, tí ojú pọ́n, tàbí tí ibà bá ìrora ìhà wá, ọjọ́ náà gan-an ni kí a dé ilé ìwòsàn.