Ẹ jẹ́ ká mọ̀: orí ègùn ni àbí inú ibùba?

Ẹ̀yin ọdẹ Ìlàjẹ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ba de àgbọ̀nrín, ṣé ẹ máa gun ègùn lórí igi ni, àbí ẹ máa lúgọ sínú ibùba nílẹ̀?

1. Ẹ wo ilẹ̀ ná. Ní Ugbónlá nílẹ̀ Ìlàjẹ, omi àti àbàtà ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá jókòó sílẹ̀, kí òru tó jìn, ìdí ẹ̀ ti tutù, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ yó, á sì máa yíra síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹran á ti gbọ́. Níbi tiwa, ègùn ló jàre. Lápá Òkìtìpupa tí ilẹ̀ ti gbẹ, ibùba dáa, kò sì ní wàhálà.

2. Atẹ́gùn. Àgbọ̀nrín ń gbóòórùn ọdẹ láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́sàn-án, láti òkun ni atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ wá. Lóru, ó lè dẹwọ́ tàbí kó yí padà. Nítorí náà, ì báà jẹ́ ègùn tàbí ibùba, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kẹ́ ẹ tó jókòó.

3. Ìṣubú. Èyí ló ká mi lára jù! Òjò ti lè mú kí okùn ègùn ọdún tó kọjá jẹrà, ẹ fà á wò dáadáa. Ẹ má gbé ìbọn tó ní ọta nínú gun igi láéláé. Ẹ yọ ọta, ẹ so ìbọn mọ́ okùn, kí ẹnu ẹ̀ kọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó tán lókè, ẹ wá fà á gòkè. Kẹ́ ẹ sì de ara yín mọ́ igi, oorun ò mọ akọni.

Ṣé ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọdẹ? Ẹ pín in fún wọn. Èwo lẹ̀yin yàn?