Dígí Kejì ti Hubble

Gíláàsì. Fífẹ̀: mítà 2.4. Eastman Kodak ló dán an ní Rochester, Amẹ́ríkà.

Wọ́n pa dígí yìí mọ́ de ìgbà àìròtẹ́lẹ̀, kò sì dé òfurufú rí. Wọn kò fi alumíníọ̀mù bo ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ihò inú gíláàsì náà. Èyí tí Perkin-Elmer dán ní Connecticut ni wọ́n gbé sínú awò awọ̀nàjíjìn Hubble, tó gbéra ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Àwòrán rẹ̀ jáde ní bàìbàì, nítorí àbùkù wà lára dígí náà.

Ojú lásán kò lè rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lésà ló ń tú u fó. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò tí à ń pè ní interferometer máa ń pín lésà sí méjì: apá kan á lọ bá dígí, á sì padà, ìkejì á gba ọ̀nà tó dájú. Bí wọ́n bá tún pàdé, ìlà dúdú àti ìlà títàn á yọ. Ìlà tó bá wọ́ fi hàn pé ojú ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọ́.

Ti Hubble yàtọ̀: irinṣẹ́ àyẹ̀wò gan-an ni kò tọ́. Lẹ́ńsì kan nínú rẹ̀ fi mìlímítà 1.3 yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, nítorí náà ìlà gún régé lórí dígí tí etí rẹ̀ tẹ́jú jù, ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 1,000 mìlímítà. Irinṣẹ́ méjì mìíràn fi àṣìṣe náà hàn. Àwọn ará Perkin-Elmer ní àwọn yẹn kò péye tó. Ẹlẹ́rìí èké ni wọ́n gbà gbọ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1993, àwọn arìnrìn-àjò òfurufú gbé irinṣẹ́ COSTAR lọ sínú Hubble, pẹ̀lú àwọn dígí kéékèèké tó tún ìmọ́lẹ̀ náà ṣe.