Títọ Ipasẹ̀ Àwọn Lander Lórí Kẹ̀kẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ ni ó fi ibi tí Odò Ọya ti wọ inú òkun han àwọn òyìnbó, ní ọdún 1830. Ohun tí a kì í sábà sọ fún wọn ni pé ilẹ̀ Yorùbá ni ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ tí ó dára àti sùúrù tí ó tó lè tọ púpọ̀ nínú ọ̀nà náà.

Àgbádárìgì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ní oṣù March. Richard kì í ṣe àlejò níbẹ̀, nítorí ó ti bá Hugh Clapperton ọ̀gá rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ní ìparí ọdún 1825. Ìrìn àjò ìṣáájú yẹn gba ẹ̀mí. Kí oṣù December ọdún náà tó parí, àìsàn ti pa Pearce àti Dókítà Morrison lójú ọ̀nà. Clapperton fúnra rẹ̀ sì kú ní Ṣókótó ní oṣù April, 1827. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Kí ẹni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ di àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ ẹrù rẹ̀ kí ó tó ronú kan oúnjẹ.

Lónìí, bí ènìyàn bá ń ti etí òkun lọ sí òkè, Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn ni yóò gbà. Èéṣe tí àwọn wọ̀nyí fi gba Ìlaròó àti Ìjànà, tí wọ́n sì gba ìhà ìwọ̀ oòrùn lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Kàtúńgà? Nígbà tí Clapperton kọjá, a kò tíì tẹ Abẹ́òkúta dó, ogun sì ti da ilẹ̀ Òwu àti ti Ẹ̀gbá rú. Ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn ni ọ̀nà Aláàfin sí òkun. Ajẹ́lẹ̀ rẹ̀, Onísàrẹ́, wà ní Ìjànà láti máa ṣọ́ ọ. Kí a má fi bò, ẹrú wà lára ọjà tí ó ń gba ibẹ̀ lọ sí etí òkun.

Ọjọ́ 47 ni Clapperton lò láti Àgbádárìgì dé Ọ̀yọ́ Ilé, láti 7 December, 1825 sí 23 January, 1826. Ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní máìlì 30 lójúmọ́ kò yẹ kí ó lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kí ó yan àkókò ọyẹ́ bíi ti Clapperton, nítorí inú òjò April àti May ni àwọn Lander rìn, ẹrẹ̀ a sì máa di táyà pa. Ẹṣin àwọn aṣáájú wọ̀nyí lè kú sọ́nà. Kẹ̀kẹ́ kò bẹ̀rù eṣinṣin kankan, ẹ̀gún nìkan ni ọ̀tá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi dé agbègbè Ìgbòho, ọ̀nà náà yóò pòórá. Ìlú tí ó ń lọ ni kò sí mọ́. Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni àwọn ènìyàn Ọ̀yọ́ Ilé fi í sílẹ̀ nítorí ogun, Aláàfin Àtìbà sì fi Àgọ́ Ọ̀jà ṣe Ọ̀yọ́ tuntun níhà gúúsù. Ọ̀nà ọkọ̀ tẹ̀lé ìlú tuntun. Ògiri ìlú àtijọ́ wà nínú igbó tí ìjọba ń ṣọ́ nítorí àwọn ẹranko. Ẹni tí yóò wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì ní amọ̀nà.

Láti Kìṣí a wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá, a gba Káyámà, a dé Búsà, níbi tí Mungo Park ti kú sínú odò ní ọdún 1806. Kò sí ohun tí a lè rí níbẹ̀ mọ́: omi ìdídò Kainji bo Búsà àtijọ́ mọ́lẹ̀ ní ọdún 1968, a sì kó àwọn ará ìlú lọ sí Búsà tuntun. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn Lander fi sọ̀ kalẹ̀ láti ìhà ibẹ̀. A mú wọn lẹ́rú lójú odò, ọba Brass kan rà wọ́n padà, wọ́n sì rí òkun ní oṣù November. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn débẹ̀ yóò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀.