Èsúsú àti Owó Ilé ní Ọ̀tà

Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ọ̀tà àti Sàngó a máa gba owó lóṣooṣù, ṣùgbọ́n owó ilé ọdún kan ni onílé sábà ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Àlejò tí kò ní agbo ilé baba rẹ̀ nítòsí, bí kò bá rí i san, ìta ni ẹrù rẹ̀ ń bọ̀.

Èsúsú, tí Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, wúlò níhìn-ín. Bí ènìyàn 12 bá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù, ₦240,000 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò kó. Kí wọ́n má ṣe ṣẹ́ kèké. Kí olúkúlùkù kó tirẹ̀ ní oṣù tí owó ilé rẹ̀ pé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ni kí ó mú onígbọ̀wọ́ wá, nítorí òun ni ó lè sá. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹlòmíràn yọ̀ǹda ipò fún un.