Ohun Tí Iṣan Ọkàn Fi Ń Ṣe Agbára

Ọkàn àgbàlagbà máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, lójú oorun àti lẹ́nu iṣẹ́. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ATP ló fi ń ṣe é. Èyí tó wà nílẹ̀ nínú iṣan ọkàn nígbàkigbà kò lè gbé e kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó ń ná lójúmọ́ tó kílò 6. Kò sí àyè ìsinmi rárá: bó ṣe ń ná an ló gbọ́dọ̀ máa pèsè òmíràn.

Ọ̀rá ló fi ń pèsè èyí tó pọ̀ jù, ó lé ní ìdajì dáadáa. Ẹni tó jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kó oríṣi oúnjẹ méjì fún ọkàn. Èlùbọ́ á dà di glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà. Epo pupa inú ọbẹ̀ á mú ásíìdì ọ̀rá wá. Kété lẹ́yìn oúnjẹ, ínsúlíìnì, èròjà tó ń jẹ́ kí ara lo glúkóòsì, á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sì túbọ̀ máa lo glúkóòsì. Tó bá di òru tí inú ti ṣófo, á padà sórí ọ̀rá. Bí èèyàn bá pẹ́ láìjẹun, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ̀rá ara di kítóònù, ọkàn á lo ìyẹn náà.

Lákítéètì ló yani lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí ọkàn ń lò. Bí oníbàtá bá ń lù kíkankíkan níbi ọdún Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́, tí oníjó náà ń fi ẹsẹ̀ dáhùn, iṣan ẹsẹ̀ oníjó á máa fọ́ glúkóòsì kíákíá, á sì máa tú lákítéètì sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí. Ọkàn kò kà á bẹ́ẹ̀: á fà á láti inú ẹ̀jẹ̀, á sọ ọ́ di ATP. Bí ijó bá ṣe ń le sí i ni ọkàn á ṣe máa lò ó sí i.

Richard Bing, dókítà tí wọ́n bí ní Jámánì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi èyí hàn lára èèyàn, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1950. Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń kúrò lára ọkàn, wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde wé èyí tó ń wọlé. Ohun tó bá dín kù, ọkàn ló gbà á.

Ọ̀rá ń mú agbára púpọ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ́síjìn ju glúkóòsì lọ. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn bá dí, ọ́síjìn tán nìyẹn. Glúkóòsì nìkan ló ṣeé fọ́ láìsí ọ́síjìn, ATP 2 péré ni ẹyọ kan sì ń mú wá lọ́nà yìí, dípò nǹkan bí 30. Ìyẹn kò lè gbé ọkàn dúró pẹ́. Ẹni tí àyà bá ń ro lójijì, tó ń làágùn, kí wọ́n tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n má dúró ṣe àgbo.

Nínú àrùn àtọ̀gbẹ, ínsúlíìnì kò tó tàbí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọ̀rá nìkan ni ọkàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbára lé. Ọkàn tí kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́ ní tirẹ̀ kì í lè lo ọ̀rá bíi ti tẹ́lẹ̀. ATP inú rẹ̀ á dín kù, á sì máa fi kítóònù dí àlàfo náà.