Adójútòfò fún kámẹ́rà: ohun tó yẹ kí ayafọ́tò mọ̀ kó tó buwọ́ lùwé

Ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí ẹ bá rí ayafọ́tò tó ń wá ọkọ̀ ní Fájuyì, nílùú Adó-Èkìtì, láti lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìyìn tàbí Aramọkọ láàárọ̀ Sátidé, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo òwò rẹ̀ wà nínú àpò kan ṣoṣo tó gbé kọ́ èjìká: kámẹ́rà, lẹ́ńsì, fíláàṣì, bátìrì àti káàdì tí àwòrán ń wọ̀. Àwọn mìíràn yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ẹrù náà, wọn kò sì tí ì san gbèsè ọ̀hún tán. Bí olè bá gbé àpò yẹn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹrù nìkan ló lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti bọ́, owó àsansílẹ̀ tó ti gbà lọ́wọ́ oníbàárà ti di gbèsè sí i lọ́rùn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò sì ní torí bẹ́ẹ̀ má gba owó wọn lóṣù.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìnṣọ́ránsì, ṣe wà. Ètò náà fara jọ èésú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú èésú, gbogbo ẹni tó dá owó ni yóò kó owó nígbà tó bá kàn án. Nínú ètò adójútòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ, ẹni tí òfò bá ṣẹ̀ nìkan ni yóò sì gbà nínú rẹ̀. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe lọ́dún náà kò ní gba kọ́bọ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló fi owó rẹ̀ rà. Nítorí náà, kì í ṣe "Èló ni?" ló yẹ kí ayafọ́tò kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé, "Níbo ni kámẹ́rà mi yóò wà lọ́jọ́ tí òfò bá dé, ṣé ìwé yìí yóò sì bá mi débẹ̀?"

Ìwé tó dúró sí ṣọ́ọ̀bù

Ìwé tí owó rẹ̀ sábà máa ń kéré ni ti iná àti ti olè. Àdírẹ́sì kan ni méjèèjì so mọ́. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, tàbí bí olè bá já ìlẹ̀kùn rẹ̀ lóru, ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò dá sí i. Ṣùgbọ́n ní ti olè, wọn yóò wá àpá ibi tí ó ti fi agbára wọlé: àgádágodo tí wọ́n já, tàbí fèrèsé tí wọ́n fọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, tó sì gbé kámẹ́rà sá lọ, ìwé olè lásán kì í sábà san owó irú rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé kámẹ́rà tó wà nínú gbọ̀ngàn àríyá ní Ìyìn kò sí ní àdírẹ́sì tí ìwé náà dárúkọ.

Ìwé iná pàápàá ní ààlà. Iná àti àrá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Omíyalé, ìjì àti ìrúkèrúdò jẹ́ ohun tí ènìyàn ń béèrè fún lọ́tọ̀, kí wọ́n tó kọ ọ́ mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré èyí. Omíyalé ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011 ba dúkìá jẹ́ káàkiri Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn TVC l'Ékòó, wọ́n sì kọ lu ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn The Nation lọ́jọ́ kan náà. Lójú ìwé adójútòfò, iná tí ìrúkèrúdò dá sílẹ̀ yàtọ̀ sí iná tí wáyà dá sílẹ̀.

Ìwé tó ń bá ẹrù rìn

Èyí tó bá iṣẹ́ ayafọ́tò mu jù ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ adójútòfò ń pè ní All Risks. Ẹrù ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ilé. Wọ́n máa ń to ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá já bọ́ tó fọ́, tàbí tí olè jí i níbi iṣẹ́, irú ìwé yìí ni ènìyàn ń gbójú lé. Owó rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti iná àti olè lọ, nítorí pé ewu tó gbà mọ́ra pọ̀ jù wọ́n lọ.

Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó gbó, èyí tó kọṣẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí lẹ́ńsì tí ọ̀rinrin bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ kì í sí nínú rẹ̀. Ẹrù tí a fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: ìwé kan lè má gbà á rárá, òmíràn lè gbà á kìkì bí a bá tì í mọ́ inú búùtù tí olè sì já búùtù náà. Ìwé mìíràn kì í kọjá ààlà Nàìjíríà. Kí ẹni tó ń lọ ya ìgbéyàwó ní Kútọnu tàbí Lọ́ńdọ̀nù béèrè. Ẹni tó máa ń yá àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́ńsì náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó buwọ́ lùwé. Òtítọ́ ni ìpìlẹ̀ àdéhùn yìí. Ohun tí a bá fi pamọ́ lè sọ ìwé di aláìwúlò.

Iye tí a kọ sílẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni iye tí wọ́n pe ẹrù wọn. Ká ní gbogbo ẹrù tó ₦4,000,000 láti rà lónìí, ṣùgbọ́n kí owó ọdọọdún lè dín kù, ayafọ́tò pè é ní ₦2,000,000. Olè wá gbé lẹ́ńsì kan tó tó ₦800,000. Bí gbólóhùn tí wọ́n ń pè ní average bá wà nínú ìwé náà, tó sì kan gbogbo ẹrù pọ̀, ilé-iṣẹ́ yóò sọ pé ìdajì ẹrù ló wà lábẹ́ ààbò, ìdajì òfò náà, ìyẹn ₦400,000, ni wọn yóò sì san. Bí àdéhùn bá tún ní kí oníbàárà fúnra rẹ̀ gbé ìdá 10 nínú 100 owó yìí, ₦360,000 ni yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ènìyàn sì lè ṣi iye pè láìmọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́jà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ó ti kọjá ₦1,500. Òkèèrè ni kámẹ́rà ti ń wá. Iye tí a kọ sínú ìwé lọ́dún 2022 kò lè ra irú rẹ̀ mọ́, nítorí náà, ó yẹ ká máa yẹ iye náà wò lọ́dọọdún. Ẹ tún béèrè bóyá iye tí ènìyàn yóò fi ra tuntun ni wọn yóò san, tàbí iye tí èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta ń tà lọ́jà.

Ẹ̀rí àti owó sísan

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ àwọn ayafọ́tò wa jẹ́ tòkunbọ̀, tí kò ní rìsíìtì. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ síbi tí kì í ṣe inú àpò kan náà. Bí òfò bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè fi tó ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí, nítorí pé ìwé máa ń dá ọjọ́ fún èyí.

Òfin adójútòfò ọdún 2003 là á kalẹ̀ pé ẹni tí kò tí ì sanwó kò sí lábẹ́ ààbò. Àjọ NAICOM, tó ń mójú tó iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un láti oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2013. Òfin tuntun ti rọ́pò ti 2003 lọ́dún 2025, ṣùgbọ́n ìlànà yìí wà síbẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ NAICOM, kí ẹ sì san owó yín sínú àpò ìfowópamọ́ ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ti aṣojú.

Ohun tí ìwé kò lè dá padà

Owó lè ra káàdì mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè dá àwòrán ìyá tó ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó padà. Ẹ da àwòrán kọ síbòmíràn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì pín káàdì àti kámẹ́rà sí àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bákan náà, bí ọmọdé bá fẹsẹ̀ kọ ọ̀pá iná yín tó sì fara pa, ìwé tó wà fún ẹrù kò kan èyí. Ìwé mìíràn ló wà fún un.

Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò ju ohun tí owó iṣẹ́ oṣù kan lè rà padà lè fi owó pamọ́ dípò ìwé. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti di gbèsè ọdún méjì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kí aṣojú ka ohun tí ilé-iṣẹ́ kò ní san sétí òun, kí ó sì bi í pé: "Bí wọ́n bá gbé àpò mi lẹ́yìn àga nínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án Sátidé, ṣé ẹ ó san?" Bí aṣojú bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò.